Kí Iná Kolmani Tó Tàn

Ọdún kẹta tí mo kó dé Kubwa ni owó tó tó mi lọ́wọ́ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bohóòlù, sí ẹ̀yìn ilé mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn tó wá gbẹ́ ẹ fi lu ilẹ̀. Eruku funfun bíi láfún bo gbogbo aṣọ tí ìyàwó mi sá sórí okùn, ariwo ẹ̀rọ wọn sì mú kí aládùúgbò kan wá bi mí tẹ̀rín-tẹ̀rín bóyá mo fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ dé Ìbàdàn ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, olórí wọn nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀." Owó ti lọ, ihò gbígbẹ kan ló ṣẹ́kù fún mi.

Mo kọ́kọ́ gbà pé wọ́n fi ọgbọ́n gba owó lọ́wọ́ mi ni. Ẹni tó là mí lójú ni ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà, tí a sì jọ máa ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Abuja ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ̀gbọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ epo rọ̀bì ní ẹkùn Niger Delta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wọn gan-an sì ni láti mọ ohun tí epo ń ṣe nínú òkúta lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní kí n wo Aso Rock àti Zuma dáadáa. "Àbúrò, ṣé o rò pé ẹnì kan ló gbé òkúta wọ̀nyẹn síbẹ̀ ni? Orí wọn lo rí yẹn. Ara wọn ló wà lábẹ́ ilé gbogbo wa." Akọ òkúta ni Abuja dúró lé. Omi tó bá wà nínú rẹ̀ kò kọjá èyí tó sá sí ojú ibi tí òkúta náà ti sán, bí ẹ̀rọ bá sì gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán kọjá, eruku ni yóò máa tú jáde. Wọ́n fi kún un pé ibi tí epo ń gbé kò rí báyìí rárá, láti ọjọ́ náà sì ni mo ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò tán.

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ títi gáàsì padà sábẹ́ ilẹ̀, inú ìbéèrè kan tí àwọn náà bi wá ló ti jẹ yọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ sí ààlà Bauchi àti Gombe láti ṣí iṣẹ́ epo Kolmani, níbi tí ilé iṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀, NNPC, ti kéde ní ọdún 2019 pé àwọn rí epo àti gáàsì. Ní ìpàdé wa tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ẹnu. Àwọn kan ní Òkè Ọya náà ti di ilẹ̀ olówó epo. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìbò lásán ni, nítorí ìbò gbogbogbòò kò ju oṣù mẹ́ta sí i lọ. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń ṣírò iye tí wọn yóò máa ta púlọ́ọ̀tì kan ní Gombe. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá béèrè pé, "Gáàsì rẹ̀ ńkọ́? Ibo ni wọ́n fẹ́ tì í sí?" Kò sí ẹni tó dáhùn. Alága ní kí á gba àdúrà ìparí.

Kí ìbéèrè náà tó lè yé èèyàn, ó ní láti kọ́kọ́ gbàgbé àwòrán tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní lọ́kàn, pé adágún epo kan wà nísàlẹ̀ tí a kàn ń fi páìpù fà. Kò sí adágún níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkúta oníyanrìn ni, tí àwọn ihò tín-ín-tín wà láàárín hóró yanrìn rẹ̀, inú ihò wọ̀nyí sì ni epo, gáàsì àti omi iyọ̀ jọ ń gbé. Ẹni tó bá bá ìyá àgbà gbé yóò rántí àmù: ojú kò rí ihò kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ ń làágùn jáde títí ìdí rẹ̀ fi máa ń tutù. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta epo ṣe rí. Ohun tó ń mú kí epo jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí kànga bá kọ́kọ́ já lé e ni agbára tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́: ìwúwo ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀, omi tó ń tì í láti ìsàlẹ̀, àti gáàsì tó ti yọ́ mọ́ epo náà, tó ń hó jáde bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Agbára yìí kì í pẹ́ rẹ̀. Bí gáàsì bá ṣe ń bá epo jáde, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ti epo ń dínkù, títí kànga yóò fi rọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, epo tó ṣẹ́kù sínú òkúta ju ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe epo pupa mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú. Wọ́n gún ẹyìn, wọ́n fún un, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, epo ṣì wà lára ìhá tó kù; ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ìhá náà ṣe ògùṣọ̀, tí ògùṣọ̀ sì ń jó tìyanutìyanu. Òkúta tí a ti fa epo rẹ̀ tì dàbí ìhá yẹn.

Láti rí èyí tó kù gbà, omi ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tì wọlẹ̀. Gáàsì ni ọ̀nà kejì. Wọ́n á ya gáàsì tó bá epo jáde sọ́tọ̀, wọ́n á gbé e gba inú kọ̀mpírẹ́sọ̀, irú èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, àmọ́ tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po ogún tiwọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì gba kànga mìíràn dá a padà sínú òkúta tó ti wá. Bí ó bá débẹ̀, yóò gòkè lọ jókòó lórí epo, yóò sì máa tì í sí ìhà ẹnu kànga tó ń fà á. Epo á jáde sí i, gáàsì náà kò sì ní ṣòfò, nítorí a lè padà lọ gbé e lọ́jọ́ iwájú. Níbi tí gáàsì bá ti gbé epo fífúyẹ́ sínú bí oru, kí a má dá gáàsì padà tilẹ̀ lè ba ọjà jẹ́: bí agbára abẹ́ ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, oru náà á di omi sínú ihò òkúta, á sì há síbẹ̀.

Gáàsì tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ báyìí pé ó ń mú ayé gbóná yàtọ̀ sí èyí. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì ni (nígbà mìíràn, kábọ́ọ̀nù lásán ni n ó máa pè é), èyí tí a ń mí síta, tó sì ń jáde lẹ́nu ẹ̀sọ́ọ̀sì ọkọ̀ àti ihò èéfín ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá tì í wọ inú òkúta epo pẹ̀lú agbára tó pọ̀ tó, kì í ti epo nìkan, ó ń wọ inú rẹ̀, ó ń mú un wú, ó sì ń mú un ṣàn, bí kẹrosíìnì ṣe ń tú gírísì kúrò ní ọwọ́ mẹkáníìkì. Ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́nà ńlá, ní oko epo kan tí wọ́n ń pè ní SACROC ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Gáàsì yára ju epo lọ. Bí ó bá rí ojú ọ̀nà kan tó gbà á láyè nínú òkúta, ibẹ̀ ni yóò sá gbà lọ sí kànga kejì, yóò sì fi epo sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi omi dí i lọ́nà: wọ́n á ti gáàsì fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ti omi, wọ́n á tún padà sórí gáàsì. Ẹ̀gbọ́n sọ pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ṣe, dídarí ohun tí ojú kò rí yìí ló gba oorun lójú àwọn jù. Apá kan nínú gáàsì náà yóò tún bá epo jáde, wọ́n á yà á, wọ́n á tún tì í padà. Apá kejì kò ní jáde mọ́, òun ni ó sì bí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kábọ́ọ̀nù sábẹ́ ilẹ̀.

Ibí yìí ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ jiyàn. Mo ní ó dàbí kí èèyàn máa san gbèsè lọ́wọ́ ọ̀tún kí ó máa fi ọwọ́ òsì yá òmíràn. Púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tì wọlẹ̀ ní Texas kì í ṣe èéfín ilé iṣẹ́ kankan. Ńṣe ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ láti ibi tí ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi McElmo Dome ní ìpínlẹ̀ Colorado, tí wọ́n sì ń fi páìpù gbé e rìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà kí wọ́n lè tún tì í wọlẹ̀ níbòmíràn. Àgbá epo kan tó bá sì tibẹ̀ jáde, bí a bá jó o tán, yóò tú nǹkan bíi 430 kílò kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì sójú ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n kò bá mi jà lórí ìṣirò náà. Èsì wọn ni pé kí ẹni tó bá sọ pé òun ń fi epo tún ojú ọjọ́ ṣe mú ìwé wá: mélòó ló wọlẹ̀, mélòó ló padà jáde, ibo ló sì ti wá. Wọ́n ní ó yẹ kí n rí i pẹ̀lú pé McElmo Dome kan náà ni ẹ̀rí pé òkúta lè gbé gáàsì yìí fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún láìjò. Wọ́n tún rán mi létí Weyburn ní Kánádà, níbi tí kábọ́ọ̀nù tó ń wọlẹ̀ láti ọdún 2000 ti jẹ́ èéfín gidi, láti ilé iṣẹ́ tó ń sọ èédú ilẹ̀ di gáàsì ní North Dakota, tí páìpù rẹ̀ ju 300 kìlómítà lọ. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ wọn. Ìdajì tó kù ṣì wà láàárín wa.

Àpẹẹrẹ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Nọ́rwèy. Ní ọdún 1991 ni ìjọba wọn gbé owó orí lé kábọ́ọ̀nù. Gáàsì ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ní Sleipner, láàárín Òkun Àríwá, ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì púpọ̀ nínú, ó sì di dandan kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó lè tà á. Dípò kí wọ́n tú u dànù kí wọ́n sì san owó orí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tì í, láti ọdún 1996, sínú òkúta oníyanrìn kan tó ń jẹ́ Utsira, nǹkan bíi kìlómítà kan sí abẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún. Omi iyọ̀ nìkan ló wà nínú òkúta yẹn. Wọn kò retí ẹ̀kán epo kan láti ibẹ̀. Owó orí ló tì wọ́n débẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ náà ní ìdí. Bí a bá ti kọjá nǹkan bíi 800 mítà sísàlẹ̀, ooru àti agbára tó wà níbẹ̀ yóò sọ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì di ohun tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ tán, tí kì í sì í ṣe omi tán, tí ó sì fún pọ̀ gan-an: tọ́ọ̀nù kan tí yóò gba àyè tó ju 500 kúbíìkì mítà lọ lórí ilẹ̀ lè má gbà ju méjì lọ nísàlẹ̀. Òkúta tí nǹkan kò lè gbà kọjá, bí òkúta amọ̀, ni ó gbọ́dọ̀ dé e lórí bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, apá kan á há sínú ihò òkúta, apá kan á yọ́ sínú omi iyọ̀, omi tó bá sì ti mu kábọ́ọ̀nù wúwo ju èyí tí kò mu ún lọ, ó ń rì ni. Ní Iceland, níbi tí wọ́n ti pò ó mọ́ omi, tí wọ́n sì tì í sínú òkúta dúdú tí iná abẹ́ ilẹ̀ bì jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di òkúta fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti gbé ní apá Taraba tàbí Benue yóò ti máa ronú kan adágún Nyos báyìí. Odò tó ń ti adágún náà wá ń ṣàn wọ Katsina-Ala, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn fún wa níhìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tó ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi adágún náà ní Kamẹrúùnù ṣàdédé rú jáde. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó fà lọ sínú àfonífojì bí ìkùukùu, ó sì pa èèyàn tó ju 1,700 lọ pẹ̀lú àìmọye màlúù, ọ̀pọ̀ wọn lójú oorun. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá kì í ṣe irú Nyos yìí ni a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa ṣe. Wọ́n ní omi adágún kò ní ọmọrí, òkúta ní. Ohun tó wà nínú ihò òkúta kò sì lè rú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àmọ́ kànga àtijọ́ tí wọn kò dí dáadáa, ìyẹn ni kí o bẹ̀rù." Mo fi páìpù kún un, nítorí ní Satartia ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ní oṣù Kejì ọdún 2020, páìpù tó gbé gáàsì yìí bẹ́, ó sì sọ èèyàn bíi márùnlélógójì di ẹni ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni kò kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kú mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, nítorí ẹ́ńjìnnì pàápàá kò rí afẹ́fẹ́ mí.

Bákan náà, agbára tí a fi ń tì í kò gbọ́dọ̀ ju ti òkúta lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape àti Maitama ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, tí èmi náà sáré jáde pẹ̀lú ṣòkòtò àfisùn, kò sí ẹni tó ń ti ohunkóhun wọ abẹ́ Abuja. Ṣùgbọ́n ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà, omi ìdọ̀tí tí àwọn oníṣẹ́ epo ń tì sábẹ́ ilẹ̀ ni ó ṣokùnfà ọ̀pọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, títí kan èyí tí agbára rẹ̀ tó 5.8 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ ní ọdún 2016. Ní In Salah, nínú aṣálẹ̀ Àlgéríà, wọ́n ti kábọ́ọ̀nù wọlẹ̀ láti ọdún 2004. Sátẹ́láìtì rí i láti òkè pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń wú ní mílímítà díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà tí ìbẹ̀rù sì dé pé òkúta ìdérí lè sán, wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní 2011. Èmi kò ka ìyẹn sí ìkùnà. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n rí i, wọ́n dúró.

Ìṣọ́ yìí ni ó gbé mi padà sórí ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n nípa Kolmani. Ọdún 1956 ni a rí epo ní Oloibiri. Ọdún 1979 ni ìjọba tó ṣe òfin tó pa á láṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ epo pé kí wọ́n dá gáàsì tó ń bá epo jáde padà sínú ilẹ̀, pé jíjó o dànù yóò dópin ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1984, àyàfi fún ẹni tí mínísítà bá fún ní ìwé àṣẹ. Inú "àyàfi" yẹn ni gbogbo òfin náà jò gbà. Àwọn kànga ti wà kí òfin tó dé; kò sí kọ̀mpírẹ́sọ̀ níbẹ̀, kò sí kànga kejì tí a ó fi dá gáàsì padà, owó tí wọn yóò ná lórí rẹ̀ sì pọ̀ ju ìtanràn lọ fíìfíì. Ní 1998, ìtanràn jíjó ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ kúbíìkì gáàsì jẹ́ náírà 10 péré. Ọdún 2018 ni ó tó di dọ́là 2 fún àwọn tí epo wọn pọ̀. Ìran ọmọ tí wọn kò mọ òkùnkùn alẹ́ rí ti dàgbà ní Delta kí ó tó di ìgbà yẹn, nítorí iná gáàsì kì í kú lójú fèrèsé wọn.

Kolmani kò tíì rí bẹ́ẹ̀, èrò mi sì ni pé àǹfààní tó tóbi jù tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ju iye àgbá epo tí wọ́n ń pariwo lọ. Kànga tí a ó gbà dá gáàsì padà yẹ kí ó wà nínú àwòrán iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí a bá ya kànga tí yóò máa fa epo, kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ sì dé kí àgbá àkọ́kọ́ tó kún. Mo mọ èsì tí ẹnì kan yóò fún mi: pé obìnrin Bauchi ṣì ń fi igi àti èédú dáná, kí ló dé tí a ó fi máa ti gáàsì padà sínú ilẹ̀? Mo gbà á. Kí a lò ó ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n páìpù gáàsì ńlá tí wọ́n ń ṣe láti Ajaokuta lọ sí Kaduna àti Kano, 614 kìlómítà, kò gba Gombe kọjá, kànga epo kì í sì í dúró de páìpù. Títí ọ̀nà yóò fi là, inú òkúta ni ilé ìpamọ́ tí kò ní ba gáàsì jẹ́, yóò sì máa ti epo jáde fún wa bí ó ṣe wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù jìnnà sí i, mo sì mọ̀ pé àlá ni mo ń lá. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ashaka wà ní Gombe kan náà. Ó ju ìdajì nínú kábọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì èyíkéyìí lọ tó ń ti inú òkúta ẹfun tí wọ́n ń yan jáde, kì í ṣe láti inú iná tí wọ́n fi ń yan án, nítorí náà bí a tilẹ̀ rí iná tí kò ní èéfín, èyí yóò ṣì máa tú. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá ọjọ́ kan lè wà tí èéfín Ashaka yóò wọ inú òkúta tí epo Kolmani ti jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní yíya kábọ́ọ̀nù sọ́tọ̀ kúrò nínú èéfín ni ó ń jẹ owó jù, kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ti gáàsì ná. "Ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ nígbà tí epo bá tán, tí ilé iṣẹ́ bá kó lọ?" ni wọ́n bi mí. Èmi náà kò ní èsì.

Ní oṣù tó tẹ̀lé èyí ni mo tún gbẹ́ kànga mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, a sì bá omi níbi tí òkúta ti sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n wá wò ó, wọ́n mu omi rẹ̀, wọ́n wá ní ihò gbígbẹ ti àkọ́kọ́ dà. Mo ní mo fi páálí àti òkúta kan bò ó. Wọ́n ní kí n lọ ra sìmẹ́ńtì kí n dí i láti ìsàlẹ̀ dókè, nítorí ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlẹ̀, omi gbogbo àdúgbò ni yóò bá. Olórí àwọn tó gbẹ́ kànga wò mí pẹ̀lú ìyanu. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Abuja, ẹnikẹ́ni kò tíì san owó fún òun láti dí ihò tí kò lómi. Ó dí i ní ọjọ́ kan. Ìyàwó mi ti gbin ewédú sórí ibẹ̀ báyìí. Mo mú ìwé àwòrán ilé wa jáde, mo fi bírò pupa sàmì sí ojú ibi tí ihò náà wà, mo kọ bí ó ṣe jìn tó àti ọjọ́ tí a dí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi hàn àkọ́bí mi kí n tó dá a padà sínú fáìlì.